Nọ́ńbà Ara Ike: Láti Abẹ́ Bíríìjì Sángò Dé Ìjù

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Sángò ní Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n ooru ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku bo orí páànù, ó bo ewé igi, ó bo ìpéǹpéjú àwọn kọ̀ǹdọ́ tó ń ké "Ojú-Ọ̀rẹ́, Ìyànà-Ìyẹsí, Ìjù, Àtàn!" títí ohùn wọn fi há. Èéfín dísùlù ń jáde lẹ́yìn àwọn dánfó tó tò láti ìdájí, òórùn ẹja díndín ń bá a wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, òórùn gọ́tà láti ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn tó ń ta bàtà òkìrìkà sì ti pàtẹ dé etí títì débi pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní láti ya sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ kó tó lè kọjá.

Lẹ́yìn àwọn oníbàtà ni àwọn oníkẹ́ẹ̀gì wà. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò, kẹ́ẹ̀gì búlúù, dírọ́ọ̀mù ńlá tí ènìyàn méjì lè wọ̀ sínú rẹ̀, ike kéékèèké tí wọ́n fi okùn so pọ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Màmá kan jókòó sáàárín wọn, ó ń fi kànìnkànìn àti iyanrìn fọ inú kẹ́ẹ̀gì kan tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ọ̀ọ̀, káàárọ̀ o. Èwo lẹ fẹ́ rà?"

Mo nawọ́ sí ọ̀kan tó jẹ́ funfun, tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ya dé ìdajì. Màmá náà gbé e fún mi. "Ti sànítáísà nìyẹn. Ó mọ́. Ẹ kàn fi omi ṣàn án, ẹ lè rọ epo pupa sí i." Mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo gbé imú sí i. Òórùn bíi ti ọtí líle, gbígbẹ, tó ń ta imú, ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Lára lébẹ́ẹ̀lì náà, mo rí oṣù karùn-ún ọdún 2020 gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣe é, mo rí ìdajì nọ́ńbà tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fún un, mo sì rí lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà báàṣì. Ìyókù ti ya lọ.

Mo béèrè ibi tó ti wá.

"Láti ilé ìkẹ́rùsí ni."

"Ti ta ni, mà?"

"Àwọn tó ń kó o wá ò sọ. Àwa náà ò bi wọ́n."

Ohun tí mo wá tọ̀ lẹ́sẹ̀ nìyí. Ní ọdún 2020, nítorí àrùn Kòrónà, ìjọba káàkiri ayé fi owó ìlú ra sànítáísà, ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n ń rà á bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ṣe ń sáré wá omi. Púpọ̀ nínú ọjà náà kò dára. Wọ́n pe òmíràn padà, wọ́n dáná sun òmíràn, òmíràn sì wà nínú yàrá títí déètì rẹ̀ fi kọjá. Owó ti kúrò nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ike. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba owó náà padà, tàbí tó fẹ́ mọ ọwọ́ tí ọjà burúkú náà bọ́ sí, inú ìlà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lébẹ́ẹ̀lì yẹn ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà báàṣì ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n po ọjà, dírọ́ọ̀mù tí wọ́n ti bù ú, àti gbogbo ike mìíràn tó jáde láti inú ìkòkò kan náà. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti sọnù, ọ̀rọ̀ parí.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ Ìjù.

Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń sáré lórí rẹ̀. A kọjá Jójú, a dé Ojú-Ọ̀rẹ́, a dúró. Tírélà tó ru àpò sìmẹ́ńtì wà níwájú wa, tírélà tó ru irin wà lẹ́yìn wa, jẹnẹrétọ̀ ń ké nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ọmọdé kan ń sáré láàárín ọkọ̀ pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà lórí. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń fà díẹ̀díẹ̀ ni òórùn ń yí padà: òórùn ọṣẹ láti ẹ̀yìn ògiri kan, òórùn ṣúgà tí wọ́n ń sè láti òmíràn, lẹ́yìn náà òórùn irin tí wọ́n ń yọ́, tó máa ń dúró sí ọ̀nà ọ̀fun fún ìgbà pípẹ́. Níbi géètì ilé-iṣẹ́ kan, mo rí férémù irin kan tó ti dípẹtà, tó ní ibi ìtẹ̀sẹ̀ méjì nísàlẹ̀. Àwọn wẹ́dà ló ṣe irú rẹ̀ nígbà Kòrónà, kí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ omi àti ọṣẹ láìfọwọ́kàn án. Korobá orí rẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n fi aṣọ ìnulẹ̀ sá lé e.

"Kò sí géètì tí kò ní in nígbà yẹn," awakọ̀ wa sọ láìwẹ̀yìn. "Bí o kò bá fọwọ́, o ò ní wọlé."

Ìpínlẹ̀ Ògùn ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ hàn ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì lọ sí Ewékorò nítorí iṣẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari ti Èkó, Àbújá àti Ògùn pa. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún bẹ̀bẹ̀ fún àyè kí àwọn ènìyàn lè ra oúnjẹ sílé, ti Ògùn wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Àwọn tó ń ṣe ohun èlò ìlera kò sí lára àwọn tí wọ́n tì mọ́lé. Nítorí náà ni ẹ̀rọ kò ṣe dákẹ́ láwọn àgbàlá kan ní àyíká Ọ̀tà nígbà tí ojú títì tó wà níwájú wọn ṣófo. Ìjọba àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 500 náírà sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná ọdún náà fún ọ̀rọ̀ Kòrónà. Owó wà. Àkókò ni kò sí.

A kọjá Ìyànà-Ìyẹsí, a gba ẹ̀gbẹ́ ògiri gígùn ọgbà ìjọ tó ń jẹ́ Canaanland, a sì dé Ìjù. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni ariwo títì ti dínkù, tí eruku sì pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí mo yà sí kò ní ọ̀dà. Ilé tí wọn kò tíì parí wà lápá ọ̀tún, igi àgbọn àti ilé epo wà lápá òsì, àwọn obìnrin ń yan gààrí níwájú ilé kan tí èéfín rẹ̀ ń gba ojú ọ̀nà kọjá. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ síwájú, òórùn gààrí parí, òórùn kẹ́míkà bẹ̀rẹ̀. Géètì kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò ní àkọlé. Ọkùnrin tó jáde wá gbà mí wọ kóòtù funfun tó ti rẹ̀. Ọṣẹ olómi ni ó ń pò báyìí. Ní ọdún 2020, sànítáísà ló ń pò tọ̀sán-tòru.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yín," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ. "Ẹ̀fúùfù spirit wà nínú ilé yìí. Iná ò gbọ́dọ̀ ta."

Yàrá náà gùn, ó sì gbóná gan-an. Fèrèsé rẹ̀ wà lókè nítòsí àjà, atẹ́gùn tó ń gbà á wọlé kò tó nǹkan. Táǹkì ike mẹ́ta ló wà lórí pèpéle, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ń ti ara wọn jáde, tábìlì gígùn kan wà níwájú wọn tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin jókòó tì, ọ̀kan ń gbé ike, ọ̀kan ń rọ ọṣẹ, ọ̀kan ń dé e, ọ̀kan ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì, tí ọwọ́ wọn kò sì dúró nígbà kankan tí mo fi wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ń yọ̀. Ojú ń ta mí.

Mo ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sànítáísà fún mi, ó sì kà á láti orí. Ìlànà Àjọ Ìlera Lágbàáyé ni. Fún lítà 10: ethanol tó lágbára dé 96%, mílílítà 8,333. Hydrogen peroxide 3%, mílílítà 417. Gílísẹ́rìn, mílílítà 145. Ìyókù jẹ́ omi tí wọ́n ti sè, tó sì ti tutù. Wọ́n á dé e pa, wọ́n á jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 72 kí peroxide lè pa ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù nínú ike tàbí nínú ọtí náà kí wọ́n tó gbé e jáde.

"Wákàtí 72," ó tún un sọ, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, àwọn oníbàárà ti wà ní géètì kí a tó dé ike."

Ó mú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nínú àpótí, ó sọ ọ́ sínú àgé tí ethanol wà nínú rẹ̀. Gíláàsì náà dìde, ó rì, ó dìde, ó sì dúró níbi ìlà kan. Ìlà yẹn ló ń sọ bí ọtí náà ṣe le tó. NAFDAC ní kí agbára sànítáísà má ṣe rẹlẹ̀ ju 60% lọ, gíláàsì yìí sì ni ọ̀pọ̀ apòpọ̀ kékeré fi ń mọ̀ bóyá àwọn dé ibẹ̀.

"Bó bá jẹ́ methanol ló wà nínú dírọ́ọ̀mù ńkọ́? Ṣé gíláàsì yìí máa sọ?"

Kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó nu gíláàsì náà, ó dá a padà sínú àpótí.

"Kò ní sọ. Àwọ̀ kan náà, òórùn tó fara jọra, bákan náà ni wọ́n ṣe ń gbé gíláàsì léfòó. Ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi máa ń gbé tèmi lọ fún àyẹ̀wò báyìí. Nígbà yẹn, ìwé tó bá dírọ́ọ̀mù wá là ń kà."

Ìdí tí methanol fi wọnú ọ̀rọ̀ kò ṣòro. Owó rẹ̀ kéré ju ti ethanol lọ, wọ́n sì ń lò ó fún kíkùn, fún ọ̀dà àti fún oríṣiríṣi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Nígbà tí gbogbo ayé ń wá ethanol lẹ́ẹ̀kan náà, ó rọrùn fún ẹni tí kò bẹ̀rù láti fi ọ̀kan dípò èkejì. Nínú ara ènìyàn, methanol ń di oró tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ẹni tó bá mu ún lè fọ́jú, ó lè kú. Ó tún ń gba awọ ara wọlé bí ọmọdé bá ń fi para lójoojúmọ́.

Àwa mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ṣú, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn kan nílùú ní òrìṣà ló ń bínú. Àwọn kan ní oògùn apakòkòrò inú oko ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol inú ògógóró ni. Ṣáájú ìyẹn, láti ìparí ọdún 2008 wọ ọdún 2009, ọmọ wẹ́wẹ́ 84 kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ra kẹ́míkà kan tó rò pé propylene glycol ni. Diethylene glycol ló wà nínú dírọ́ọ̀mù, májèlé gidi. Wọ́n ka ìwé ara dírọ́ọ̀mù, wọn kò yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò. Ọmọ 84. N kò lè kọ nọ́ńbà yẹn kí ọwọ́ mi má wúwo.

Apòpọ̀ náà mú ìwé kan wá, ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ ilé-ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Nínú rẹ̀ ni gbogbo dírọ́ọ̀mù tó rà ní ọdún 2020 wà, ọjọ́ tó wọlé, ẹni tó tà á, nọ́ńbà báàṣì tí òun fún ohun tí òun pò. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Mo béèrè bóyá ìjọba rà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kọntirakítọ̀ ló wá kó o. Ó ní ti ìjọba ni. Kò béèrè báàṣì, iye lítà ló béèrè. Ó ní kí n má wulẹ̀ lẹ lébẹ́ẹ̀lì, àwọn á lẹ tiwọn."

Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà inú ìwé náà àti ọjà tó jáde ní géètì ṣe pínyà. Bí ẹnì kan bá rí ohun burúkú nínú ike kan lọ́la, ìwé ọkùnrin yìí kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́, bó ti wù kó kọ ọ́ dáadáa tó.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìjọba Írẹ́láńdì sọ fún àwọn ilé-ìwé pé kí wọ́n dáwọ́ lílo sànítáísà kan tó ń jẹ́ Virapro dúró lójú ẹsẹ̀. Methanol wà nínú rẹ̀. Ọjà tí ìjọba fọwọ́ sí pé kí àwọn ilé-ìwé rà ni, ó sì ti wà lára tábìlì àwọn ọmọ. Àwọn ilé-ìwé kan ní láti ti ilẹ̀kùn nítorí kò sí òmíràn tí wọn lè lò. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹfà ọdún kan náà ni àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ ti ń kìlọ̀ nípa àwọn sànítáísà tó ti Mẹ́síkò wá, orúkọ inú àkójọ wọn sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n dá gbogbo sànítáísà ọlọ́tí tó bá ń bọ̀ láti Mẹ́síkò dúró ní ẹnubodè títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtìjú ńlá ni fún àwọn ìjọba náà. Ṣùgbọ́n wọ́n lè pe ọjà náà padà, nítorí wọ́n mọ ibi tó wà.

Láti ọ̀dọ̀ apòpọ̀ náà mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní agbègbè náà. Oòrùn ti dé àtàrí. Ìrìn náà gba mí lójú ọ̀nà tí lọ́rì yẹ̀pẹ̀ ń gbà, ìgbà tí ọ̀kan bá sì kọjá, n kì í rí ọwọ́ ara mi. Ní ọgbà ilé ìwòsàn náà, àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dòńgóyárò, ó jẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹkún ọmọ kan ń fa ti òmíràn. Ìlà àwọn tó tò dé ẹnu géètì. Nọ́ọ̀sì kan ń pe nọ́ńbà káàdì. Nọ́ọ̀sì kejì ń sọ fún àwọn aláboyún pé kí ẹni tí kò bá mú ìbọ̀wọ́ dání lọ rà á ní kẹ́mísì tó wà lódìkejì ọ̀nà.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yẹn dáadáa. Mo fẹ́ kí òǹkàwé náà fi sọ́kàn.

Màtírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn náà jẹ́ obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbà mí láyè láti rí yàrá ẹ̀yìn, ó ní kí n má dárúkọ ibẹ̀, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú èjìká kó tó ṣí. Ooru inú yàrá náà yọ sí wa lójú bí a ti ṣí i, pẹ̀lú òórùn ìgbẹ́ àdán láti òkè àjà, òórùn rọ́bà tó ń jẹrà, àti òórùn ọtí tó gbẹ. Páálí tò dé àjà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìwúwo àwọn tó wà lókè wọn.

Ó fa páálí kan sílẹ̀. Ìbòmú ni. Mo mú ọ̀kan, mo fa okùn etí rẹ̀, ó já. Mo mú òmíràn, ó já. Páálí kejì jẹ́ ti ìbọ̀wọ́, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn di òkìtì kan ṣoṣo, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹ̀kẹta, sànítáísà. Àwọn ike kan ti wú, àwọn kan ti gbẹ dé ìdajì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí wọn. Déètì ara wọn ti kọjá tipẹ́. Lórí àwọn kan, lébẹ́ẹ̀lì ní orúkọ ọjà àti àwòrán ọwọ́ méjì, kò ní nọ́ńbà báàṣì rárá.

"Kí ló dé tí ẹ kò lò wọ́n, mà?"

"Èyí tó dára la lò, ó sì tán. Èyí, nígbà tí a fi pa ọwọ́, ó ń ta àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lára. Mo ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Mo kọ lẹ́tà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún kó òmíràn wá nígbà tí àìsàn náà ti ń lọ sílẹ̀."

Kò sí ẹni tó dá lẹ́tà náà lóhùn. Kò sì lè kó wọn dànù fúnra rẹ̀. Ọjà tí déètì rẹ̀ ti kọjá ní ìlànà tirẹ̀: ẹni tó ni í gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí NAFDAC, kó sanwó, kí òṣìṣẹ́ wọn sì dúró wò ó nígbà tí wọ́n bá ń bà á jẹ́, kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ta wá ni í? Kì í ṣe màtírọ́ọ̀nù. Àwọn tó kó o wá ti gba ìbuwọ́lù rẹ̀, wọ́n sì ti lọ.

Ó ṣí rẹ́jísítà fún mi. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́, ohun tó dé, iye páálí, ìbuwọ́lù. Mo wá iye owó. Kò sí. Mo wá orúkọ ẹni tó tà á fún ìjọba. Kò sí.

"Wọn kì í sọ iye fún wa," ó ní. "Àwa ń gbà á ni."

Iye ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Àjọ Owó Lágbàáyé, IMF, yá Nàìjíríà ní bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Lára ohun tí Nàìjíríà ṣèlérí ni pé òun yóò gbé àwọn àdéhùn ìrajà Kòrónà síta, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n rí i pé ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ san mílíọ̀nù 37.06 náírà fún ìbòmú 1,808. Ẹ pín in. Ó lé ní 20,000 náírà fún ìbòmú kan ṣoṣo. Ní ọdún yẹn, télọ̀ ní Sángò ń rán ìbòmú aláǹkárá fún owó tí ọmọ ilé-ìwé lè san. Gbogbo ìlú pariwo. Wọ́n lè pariwo nítorí pé nọ́ńbà méjèèjì, iye ìbòmú àti iye owó, wà lójú ìwé kan náà. Nínú yàrá tí mo dúró sí yìí, ọ̀kan wà, èkejì kò sí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ owó nù, ó sì pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Ní ọdún ìṣúná 2020 sí 2021, ìjọba wọn ra ohun ìdáàbòbò tó jẹ́ bílíọ̀nù 12.1 pọ́n-ùn. Nígbà tí wọ́n ṣírò tán, bílíọ̀nù 8.7 nínú iye rẹ̀ ti wọ̀gbẹ́. Apá tó pọ̀ jù jẹ́ nítorí pé wọ́n rà á nígbà tó wọ́n gógó, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 673 jẹ́ ti ọjà tí kò ṣe é lò rárá. Wọ́n dáná sun lára rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé ilé-iṣẹ́ PPE Medpro gbọ́dọ̀ dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 122 pọ́n-ùn padà fún ìjọba, owó aṣọ iṣẹ́ abẹ mílíọ̀nù 25 tí kò lè fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ti pa kòkòrò ara wọn dáadáa. Ìwé ló gbé ẹjọ́ náà. Àdéhùn wà, aṣọ náà sì wà nílẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Títọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Babita Deokaran, òṣìṣẹ́ àgbà nípa owó ní ẹ̀ka ìlera ẹkùn Gauteng ní South Africa, wà lára àwọn tó ń jẹ́rìí nínú ìwádìí ìrajà ohun ìdáàbòbò. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọ́n yìnbọn pa á níwájú ilé rẹ̀ lẹ́yìn tó ti sin ọmọ rẹ̀ dé ilé-ìwé. Mo rò ó nígbà tí màtírọ́ọ̀nù ń pa rẹ́jísítà rẹ̀ dé. Obìnrin tó kọ lẹ́tà, tó gbé ọjà tí kò dá a lójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà láti ọdún wọ̀nyí wá, iṣẹ́ ìjọba tòótọ́ ló ń ṣe. Ó yẹ kí ẹnì kan dá a lóhùn.

Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún mi pé àwọn ọmọkùnrin kan ti wá láti béèrè bóyá òun á ta àwọn ike náà. Òun kọ̀. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń kọ̀," ó ní, ó sì júwe ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ fún mi.

Mo gbọ́ ariwo ibẹ̀ kí n tó rí i. Ẹ̀rọ tó ń lọ ike ń ké ju jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé e lọ, ó ń ké bí wọ́n bá ti da ike sí i lẹ́nu, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún ń ké. Àgbàlá ńlá ni, wọ́n fi páànù yí i ká. Ike tí wọ́n kó jọ ga ju ènìyàn lọ: ike ohun mímu, ike ọṣẹ, kẹ́ẹ̀gì, àga tó ti ṣẹ́. Eṣinṣin ń kùn. Lábẹ́ àtíbàbà kan ni àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ jókòó yí àwo ńlá ká, ọwọ́ wọn wà nínú omi dúdú, kò sí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nínú wọn. Ọ̀kan gbé ọmọ pọ̀n.

Ọ̀gá àgbàlá náà bá mi rìn láàárín òkìtì. Ó fi ibi tí wọ́n ń ya ike sí hàn mí, ike líle lọ́tọ̀, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀. Nínú àpò kan mo rí àwọn ike sànítáísà, ó pọ̀, orúkọ oríṣiríṣi. Díẹ̀ nínú wọn ṣì ní omi nínú.

"Níbo lẹ ń da omi inú wọn sí?"

Ó nawọ́ sí gọ́tà tó gba abẹ́ páànù kọjá. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó ti sànítáísà wá, òórùn ẹ̀ máa ń le. A kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná nítòsí."

"Àwọn tó kó o wá, ṣé wọ́n ń mú ìwé dání?"

"Ìwé kẹ̀? Orí ìwọ̀n ni wọ́n ń gbé e lé."

"Ṣé ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ ìjọba ti wá wo nọ́ńbà ara wọn rí, kí ẹ tó lọ̀ wọ́n?"

Ó ronú sí i. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ó bi í bóyá ó rántí. Obìnrin náà mi orí láìgbé ojú sókè. Ọ̀bẹ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi họ lébẹ́ẹ̀lì kúrò lára ike kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ju ike sínú agbọ̀n tó ń lọ sí ibi ẹ̀rọ.

"Ìyẹn la kọ́kọ́ ń yọ," ọ̀gá àgbàlá náà ṣàlàyé fún mi. "Bí lébẹ́ẹ̀lì bá bá ike wọnú ẹ̀rọ, àwọn oníbàárà kò ní rà á mọ́."